Àmúdà àti Iná Tó Tàn Nínú Mọ́tò Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Ìlobù tí ẹ béèrè Àmúdà káfíńtà, wọn yóò kọ́kọ́ bi yín pé, "Ṣé èyí tó máa ń sùn sábẹ́ mọ́tò?" Àbúrò mi ni, ìyá kan náà ló bí wa. Èmi Rísíkátù, télọ̀, ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, nítorí náà kò sí ohun tí mo sọ nípa rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè bá mi wí sí.

Òṣogbo ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ti ra tòkunbọ̀ aláwọ̀ eérú kan, lọ́dún tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Háà, ìfẹ́ yẹn pọ̀ jù! Kò jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án. Gbogbo Sátidé, á wọ ṣòkòtò tó ti ya, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á pààrọ̀ ọ́ìlì, á yọ púlọ́ọ̀gì, á máa nù ún bí ẹni ń nu imú ọmọ. Mo máa ń sọ fún un pé, "Àmúdà, ìyàwó ni kó o fẹ́, mọ́tò kọ́." Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú tọ́ọ̀ṣì dání." Èmi náà á sì mú un dání, òmùgọ̀ èmi.

Sátidé tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ le. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa, Màmá Màríámọ̀, ń gbé Ìfọ́n, ara wọn kò sì le mọ́. Ọmọ wọn ti dé láti Kánò, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló sì máa kó wọn lọ síbẹ̀ pátápátá. Ìyá wa fẹ́ fojú kàn wọ́n kí wọ́n tó lọ. Ìfọ́n kò jìnnà, àmọ́ orúnkún ìyá wa kò gbà. Ọ̀kadà ti gbé wọn ṣubú rí, àwọn onítakisí sì wà l'Óṣogbo, wọ́n ń tò nílé epo. Mọ́tò Àmúdà nìkan ló kù, ó sì ti ṣèlérí pé bí òun bá ti kírun Àìlà tán, àwọn máa gbéra.

Ó tún mọ́tò náà ṣe láàárọ̀, ó fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó gba mọ́sáláṣí lọ. Ó dé, ó pa á dé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iná pupa kékeré kan sì tàn níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ẹ́ńjìnì.

"Kí lo fọwọ́ kàn?" ni mo figbe ta. "Mo ní kó o gbé e lọ fún mẹkáníìkì, o ní ìwọ lo gbọ́n jù!"

"Àǹtí mi, mo dá gbogbo nǹkan padà sáyè ẹ̀." Ojú rẹ̀ ti ṣú. Ó ní òun ò ní gbé ìyá òun sínú mọ́tò tó lè dákú sọ́nà.

Ìyá wa jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti lé tìróò, wọ́n sì di àádùn tí ẹ̀gbọ́n wọn fẹ́ràn sínú ike. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹni tó mọ ìyá wa, tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ tó, ó yẹ kó ti fura.

Àmúdà tú gbogbo ohun tó ṣe láàárọ̀ palẹ̀, kò rí àṣìṣe kankan. Ó wá rántí pé ọ̀rẹ́ òun kan tó ń ṣe wáyà mọ́tò ti kọ́ òun pé irú mọ́tò yìí máa ń sọ ibi tó ń dùn ún, bí èèyàn bá mọ bí wọ́n ṣe ń bi í. Ó gé wáyà kékeré kan, ó fi so ihò méjì pọ̀ nínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, ó ní kí n máa wo iná náà. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó sinmi, ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.

"Méjì, méjì!" ni mo ké.

"Ohun tó ń wo bí omi ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó nìyẹn. Àmọ́ n kò dé ibẹ̀ lónìí!" Ó fa orí wáyà rẹ̀ yọ. Omi dúdú kán sí i lọ́wọ́. Ó gbé e sí imú. "Tàdáwà?"

Tàdáwà kẹ̀! Nínú ẹ́ńjìnì! Mo yíjú padà, ìyá wa ń wo ilẹ̀.

"Hàntú ni," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Àfáà Jàlálù kọ Kùránì sí wàláà, wọ́n fọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní kí n wọ́n ọn sára mọ́tò kí ọ̀nà lè dáa. Mo wá rò ó pé, ṣé ara ló ń gbé èèyàn lọ ni? Ṣebí inú ni iṣẹ́ wà. Nígbà tó lọ kírun, mo bù ú sínú."

Inú bí mi dé góńgó. Mo ti la ẹnu, àmọ́ Àmúdà ṣẹ́jú sí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, tòun ti ọ́ìlì lára. "Ẹ ṣeun, ìyá mi. Àdúrà yín ti gbà. Mọ́tò yìí ni kò tíì mọ hàntú mu. Tòkunbọ̀ ni, kò tíì mọ̀ pé ọmọ mùsùlùmí ló ra òun."

Ìyá wa bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. Àmúdà ṣí fìlà, ó fi nu orí wáyà náà gbẹ, ó fẹnu fẹ́ ẹ dáadáa. Ó tú orí bátìrì, ó tún dè é padà kí mọ́tò lè gbàgbé ẹjọ́ náà. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Iná tàn díẹ̀, ó kú, kò sì padà wá.

Nígbà tí a dé Ìfọ́n, Màmá Màríámọ̀ wọ ẹ̀yìn mọ́tò lọ jókòó ti àbúrò wọn, wọn ò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Àmúdà gbé wọn dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó tún gbé wọn padà, kò wo ti epo. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń jẹ àádùn, wọ́n ń bú ara wọn lórí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe. Wọn kò tún fojú kan ara wọn láyé mọ́. Kí Iléyá tó dé, ìyá wa ti lọ. Ọlọ́run tẹ́ wọn sí Àlùjánnà.

Àmúdà ṣì ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Gbogbo inú rẹ̀ ló ń fọ̀, àfi ilà dúdú kan lára irin, níbi tí hàntú gbẹ sí. Lọ́jọ́ kan mo mú àkísà, mo ní kí n bá a nù ún. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí mi, ẹ fi í sílẹ̀. Ìyá wa ò tíì sọ̀kalẹ̀."