Awò Orí Ìbọn Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí mi kò ga ju ẹnu ìkòkò àmù lọ, kò sí ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún wa nílé tó awò tó wà lórí ìbọn bàbá mi. Ìbọn fúnra rẹ̀, bí ọta kò bá sí nínú rẹ̀, a lè bá a gbé e kọ́ ara ògiri. Awò yẹn, rárá o. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi etí ẹ̀wù nu ojú fóònù, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ fún yín, nítorí ó ti ń wúwo jù fún mi láti dá a gbé.

Ọdẹ ni bàbá mi, ní abúlé kan lẹ́yìn Igbogila. Òyìnbó kan tó ń bójú tó igbó ọba, tí bàbá mi máa ń mú wọgbó, ló fa ìbọn náà lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì bá a gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ṣakabùlà ni àwọn ọdẹ yòókù ń gbé. Ti bàbá mi ní ọ̀pá dúdú kan lórí, tó gùn tó apá ọmọdé, tí dígí wà ní iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá gbé ojú sí i, ẹtu tó wà ní òpin oko á wá dà bí èyí tí o lè fọwọ́ pa lórí. Àwọn ará Ìwòyè-Kétu tó mọ́ lára láti ná ọjà òdì kejì ibodè ń pè é ní lúnẹ́ẹ̀tì. Awò làwa ń pè é.

Òyìnbó ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, bàbá mi kò sì yẹsẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà. Kò gbọdọ̀ fi ìka kan dígí, nítorí ọ̀rá ọwọ́. Nígbà ọyẹ́, kò gbọdọ̀ nù ún ní gbígbẹ. Ó máa ń sọ pé yanrìn ni eruku, pé bí èèyàn bá fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, onítọ̀hún ti ha á nìyẹn. Yóò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, yóò fi ìyẹ́ àyà adìẹ gbá a, lẹ́yìn náà ni yóò mí sí i kó rin, kó tó fi àkísà ìró ìyá mi tó ti gbó dáadáa nù ún láti àárín lọ sí etí. Ó fi hàn wá pé awọ kan wà lójú dígí náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń ṣe bí karosíìnì tó dà sórí omi. Awọ yẹn ni kì í jẹ́ kí oòrùn da ojú ọdẹ rú, bó bá sì ha, kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè tún un ṣe. Tó bá parí, á fi ìdérí bò ó níwájú àti lẹ́yìn. Ìyá mi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kò mọ̀ pé òun ní orogún, àti pé ojú òun báyìí ni orogún ń jogún ìró òun.

Ní ọ̀dọ̀ wa, kí ọdún Ògún tó pé, gbogbo irin inú ilé ni wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀: ọkọ́, àdá, pàkúté, ìbọn. Irin tó dípẹtà kì í jókòó níwájú Ògún. Ìyá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹnikẹ́ni kò ní rí ìdọ̀tí lára ohun tó bá ti ilé òun jáde. Eérú àti ewé eepín ló fi ń fọ̀ wọ́n. Igi eepín kan wà lẹ́yìnkùlé wa. Ewé rẹ̀ ń ha ni lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò, òun làwọn obìnrin fi ń fọ igbá títí yóò fi dán.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, bàbá mi lọ síbi ìsìnkú ọdẹ kan ní Ajilete, kò sì tíì dé. Ìyá mi kó àwọn irin sílẹ̀, èmi ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kan ìbọn, ó ṣí ìdérí awò, ó rí i pé oje igi ti gbẹ mọ́ dígí iwájú. Èèwọ̀ awò yẹn, ti àwa ọmọdé ló kà á sí. Ó fi omi sí i, kò kúrò. Ó já ewé eepín, ó fi eérú díẹ̀ sí i, ó rọra ń ha á bí ẹni ń fọ ojú ọmọ tuntun, títí oje fi lọ. Dígí náà ń kọ mànà nínú omi tó wà lára rẹ̀. Ó dé e padà, inú rẹ̀ dùn pé òun ti gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ ọkọ òun.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé omi máa ń bo ọgbẹ́ ojú dígí mọ́lẹ̀. Kódà bó bá gbẹ, nínú ilé, o lè wò ó kí o má rí nǹkan kan. Àfi ọjọ́ tí o bá dojú rẹ̀ kọ oòrùn.

Bàbá mi dé, wọ́n ṣọdún, ọdún lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti àbúrò rẹ̀ lọ sí oko gbágùúdá tí ẹtu ń bà jẹ́. Bàbá Kékeré là ń pe àbúrò rẹ̀ yìí, ọkùnrin tó máa ń gbé wa kọ́rùn sáré yí ilé po. Wọ́n pín oko náà sí méjì, kálukú mú ibi tirẹ̀. Títí di òní a kò mọ ohun tó mú Bàbá Kékeré kúrò níbi tirẹ̀. Bàbá mi dojú ìbọn kọ ìwọ̀ oòrùn, ó rí ohun pupa rúsúrúsú kan tó ń mi nínú ewé, ó sì yìnbọn.

Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi gbé Bàbá Kékeré lọ sójú ọ̀nà Aiyetoro. Ó dákẹ́ kí wọ́n tó rí ọkọ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó gbé e, ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n ṣe sáré lọ àti bí wọ́n ṣe rọra ń bọ̀.

Ọlọ́pàá wádìí ọ̀rọ̀, wọ́n ní èèṣì ni. Àwọn ará abúlé kò gbà. Aáwọ̀ ilẹ̀ ti wà rí láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ó sì ti tán, àmọ́ ẹnu ayé kò jẹ́ kó tán. Wọ́n ní ẹni tó ní awò tó ń fa ẹtu mọ́ra, báwo ni kò ṣe dá àbúrò rẹ̀ mọ̀? Níbi ìpàdé ẹbí, olórí ilé bi í ní ohun tó rí.

Bàbá mi ní, “Ẹtu ni mo rí. Ojú mi ló tàn mí.”

Kò dárúkọ awò. Láti ìgbà náà, bó bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, àwọn kan á dìde. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àwọn kò lè bá ẹni tó pa àbúrò rẹ̀ ṣe àna. Ìyá mi, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin òkú náà, mú àdá, ó gé igi eepín lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Igbá wa di dúdú. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe.

Mo ti di olùkọ́ ní Ilaro, mo ti bímọ, kí bàbá mi tó ránṣẹ́ pè mí. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́ nígbà náà. Ìbọn kò padà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ó ti yọ awò rẹ̀ pamọ́ kí wọ́n tó dé. Ó mú un jáde látinú àpótí, nínú àkísà ìró ìyá mi, ó ní kí n gbé e sójú, kí n kọjú sí ìhà ibi tí oòrùn ń wọ̀. N kò rí igi, n kò rí ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ funfun kún inú rẹ̀ bí omi ògì, ohun rúsúrúsú kan sì ń rìn bọ̀ láàárín rẹ̀. Mo gbé ojú kúrò. Ọmọ mi ni, tó ń ti odò bọ̀.

Mo rántí ewé, mo rántí eérú. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

Ó ní, “Eepín ló ha á. Má jẹ́ kí ìyá yín mọ̀. Ẹrù ẹnì kan ni, kò yẹ kó di ti ẹni méjì.”

Mo sá lọ sẹ́yìnkùlé kí n lè rí ibi sunkún. Ìyá mi ni mo bá níbẹ̀, tó ń gé ọ̀mùnú tó yọ lára kùkùté eepín. Ọdọọdún ló ń yọ bí òjò bá ti rọ̀, ọdọọdún ló sì ń gé e. Ó wo ojú mi, ó wo ẹnu ọ̀nà tí mo gbà jáde.

“Ó ti fi hàn ẹ́,” ó wí. “Má sọ fún un pé mo ti mọ̀ tipẹ́. Bó ṣe gbà pé n kò mọ̀ yẹn nìkan ló kù tó ń gbé e dúró.”

Ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ń bù jẹ. Orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn. Wọ́n kú bẹ́ẹ̀, bàbá mi ṣáájú, ìyá mi tẹ̀ lé e, n kò sì tú àṣírí ọ̀kan fún èkejì rí.

Ayé ti yí padà. Ọmọ ọmọ mi kan tó wà nínú àwọn tó ń ṣọ́ oko fi awò tuntun kan hàn mí láìpẹ́ yìí, ó ní awọ ojú ti ìsinsìnyí le, kì í tètè ha. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi ẹ̀wù nù ún. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ti yí padà. Tọkọtaya òde òní ì bá ti sọ ọ́ jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Bóyá àwọn ọmọ Bàbá Kékeré ì bá ṣì máa kí wa. Bóyá ìyá mi kò ní lè gbé e. Mo ti rò ó títí, n kò mọ èyí tó sàn.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Mo ti padà sílé bàbá mi láti ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, kùkùté eepín náà sì ti tún yọ ewé. Àwọn ọmọ ní kí n jẹ́ kó dàgbà, pé a nílò ìbòòji lẹ́yìnkùlé, mo sì dá wọn lóhùn pé òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wá àdá mi.