Ṣíbí Tó Wà Nídìí Ẹ̀rọ Bàbá Hezekiah

Gbogbo Ìyànà Ọ̀fà ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Bàbá Hezekiah, jórinjórin, fi ṣíbí mú olè níwájú Baálẹ̀. Bàbá ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ tí ẹ̀gẹ́ kì í há sí lẹ́nu. Roheem, jórinjórin kan ní Olódò, rí àkọ́kọ́ níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí, ló bá fi tépù wọ̀n ọ́n látòkè délẹ̀. Ó ṣe irú rẹ̀, ó sì ń pariwo kiri pé òun lòun ronú ẹ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ méjèèjì dé ilé Baálẹ̀. Bàbá tọ́ka sí ṣíbí ìjẹun kan tí wọ́n jó mọ́ ìdí ẹ̀rọ ti Roheem.

"Roheem, kí ni iṣẹ́ ṣíbí yìí?"

Roheem wúkọ́. "Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ ni, Bàbá? Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mí."

"Yéè! Ó ń mí!" Bàbá kọjú sí Baálẹ̀. "Ẹ̀wà ni mò ń jẹ lọ́jọ́ tí mo ṣe àkọ́kọ́. Mo ṣèèṣì lu ihò síbi tí kò yẹ, inú bí mi, ni mo bá fi ṣíbí ìyàwó mi dí i. Ẹ bá mi bi í, ṣé òun náà ń jẹ ẹ̀wà ni?"

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́ lórí wọn. Wọ́n ní kí Roheem tọrọ àforíjì. Ó tọrọ ẹ̀, ó sì padà sí Olódò lọ ṣe márùn-ún sí i, tòun ti ṣíbí.

Ohun tó dun Bàbá nìyẹn. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ mìíràn tó ń bó ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí wá bẹ Bàbá, ìyàwó wọn ló ṣáájú.

"Ẹ wo àpá ọ̀bẹ lọ́wọ́ wa, Bàbá!"

"Mò ń wò ó, ó sì ń dùn mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá a. Ọ̀sán kan ni Roheem máa fi jí i. Ta ló wá máa tún jókòó ronú?"

Alágídí ni Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wọ́n ní kí Bàbá gbàdúrà fún aláìsàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń wọn ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ni wọ́n gbàdúrà lé lórí.

Ṣeunfúnmi, ọmọ wọn tó jẹ́ tíṣà, ló sọ fún wọn pé ìwé ìjọba kan wà tó ń dáàbò bo irú iṣẹ́ báyìí, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè ṣe é láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ronú ẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìwé náà béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí nínú ẹ̀rọ náà. Ojú ewé mọ́kànlá ni Bàbá pè fún un kọ, títí kan oríkì ìyàwó wọn.

Lọ́jọ́ tí ìwé náà dé, Bàbá fọwọ́ ara wọn ká tapólì kúrò. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè? Roheem!

"Wá kọ́ ọ. Orúkọ mi ni wàá máa kọ sí i lára. Nísinsìnyí tí mo lè sọ pé o ò gbọdọ̀ ṣe é, mo lè sọ pé kó o máa ṣe é."

Roheem dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Lẹ́yìn ọdún kan, Bàbá kú. Ìyá Ṣeunfúnmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Roheem ní Olódò, wọ́n rí orúkọ ọkọ wọn lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìdí ọ̀kan. Kò sí ihò kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣíbí wà ńbẹ̀.

"Roheem, kí ni eléyìí tún ń ṣe níbí?"

Omi ti dé ojú Roheem. "Màmá, ibẹ̀ ni Bàbá ti ń mí."