Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Aláboyún Lọ Sinmi

Ọjọ́ tí wọ́n lẹ èsì ìdánwò ọdún kẹrin mọ́ ògiri, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìlà tí nọ́ńbà mi wà. Mo yege nínú ìmọ̀ oògùn. Nínú pátọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun tí àìsàn ń ṣe sí ara, mo fìdí rẹmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún wa láti tún un ṣe. Ẹni tó bá tún ṣubú, yóò tún ọdún náà kà látìbẹ̀rẹ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi lọ sí Limawa, àdúgbò wa, mò ń ro ohun tí màá sọ nílé. Ìwé kíkà kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, bàbá mi ni. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì ni kò ti pe orúkọ mi mọ́. “Dókítà” ló ń pè mí. Àwọn ọmọ kéwú gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á máa fi Haúsá pariwo “Likita! Likita!” bí wọ́n bá ti rí mi. Àwọn àgbà àdúgbò a máa gbé bébà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá fún mi, wọ́n a máa lanu kí n wo eyín. Tí mo bá ní mi ò tíì di dókítà, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ náà, àǹtí aránṣọ tó háyà yàrá tó fara ti tèmi ló kọ́kọ́ rí mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ti wọ oṣù kẹjọ.

“Dókítà wa, káàbọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi wo ẹsẹ̀ mi. Bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Orí tún ń fọ́ mi láti àná.”

Ibi tí mo dúró sí ni mo ti wo ẹsẹ̀ náà. Mi ò tẹ̀ ẹ́ wò, mi ò bi í ní nǹkan kan.

“Oyún ló ń fà á, àǹtí mi. Ẹ lọ sinmi, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí.”

“Ó ṣeun o, ọmọ dáadáa.”

Mo tilẹ̀kùn mọ́rí. Mo ń ro ibi tí máàkì ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mò ń ka àwọn ìbéèrè náà lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta dé: aláboyún kan, ẹsẹ̀ wíwú, orí fífọ́. Mo dáhùn ìyẹn dáadáa nínú ìdánwò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó lè mú gìrì wá, ó lè pa ìyá, ó lè pa ọmọ.

Ó yẹ kí n sáré jáde. Mi ò jáde. Ní yunifásítì, ẹni tó bá dúró ti ibùsùn aláìsàn tó ní “mi ò mọ̀,” ọ̀gá á fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú gbogbo wa. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn kíá. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń padà lọ sọ pé mo ṣì í. Tí mo bá dẹ́rù ba obìnrin yìí lásán ńkọ́? Mò ń rìn síwá, mò ń rìn sẹ́yìn. Ó tó wákàtí kan kí n tó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́. Àǹtí di orí mú.

“Ojú mi ń ṣe bàìbàì. Mi ò rí ojú abẹ́rẹ́.”

“Ẹ dìde, àǹtí mi. Ilé ìwòsàn yá.”

“Ṣebí o ní kí n sinmi?”

“Mo ṣì í sọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

Bàbá mi ló sáré pe kẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe rí nọ́ńbà náà, ó sáré lọ pe dókítà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Èmi àti bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Mo sọ méjèèjì fún un: ìdánwò tí mo fìdí rẹmi, àti wákàtí kan tí mo fi pa ohun tí mo mọ̀ mọ́ra.

“Wákàtí kan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Ọmọ kéwú tó bá ka wàláà rẹ̀ lódì, ṣebí ó máa ń tún un kà ni. Lọ tún ìdánwò rẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ti wákàtí yẹn, èmi kọ́ ni kó o wá sọ ọ́ fún.”

Obìnrin ni ọmọ náà, kò ju ẹyẹlé lọ. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú àpótí gíláàsì tó ń mú ara ọmọ gbóná. Ìgbà tí wọ́n dé ilé, mo kúnlẹ̀ níwájú àǹtí, mo sọ ti wákàtí náà fún un.

Ó ń fún ọmọ lọ́mú. Kò wojú mi.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ nínú yàrá. Mò ń retí kó o jáde.”

Ó ní kí n bá òun gbé aṣọ ọmọ tó wà lórí okùn wọlé, mo sì lọ gbé e.

Mo yege nígbà tí mo tún ìdánwò náà ṣe, díẹ̀ báyìí ló kù kí n tún ṣubú. Ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún ni wọ́n pín wa sí ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní àràárọ̀, bí mo bá ti wọ wọ́ọ̀dù, mo máa ń tẹ ẹsẹ̀ wọn wò kí n tó fèsì.