Ẹja Pẹlẹbẹ Onílẹ̀kẹ̀ Lẹ́yìn

Ìyá mi ń ta ẹja gbígbẹ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, l'Óṣogbo. Gbogbo ẹja inú agbọ̀n rẹ̀ ni mo mọ orúkọ wọn, àfi ọ̀kan. Ẹja pẹlẹbẹ ni àwa ń pè é, nítorí pé ojúlówó orúkọ rẹ̀ kò bá a wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti ìhà òkun. Ó fẹ̀ bí ewé kókò, nǹkan funfun kan sì wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ gbáko, ó le, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹja yìí ni àwọn oníbàárà ń tìtorí rẹ̀ wá, òun náà ni ìyá mi fi rán wa níléèwé.

Nígbà tí mo fi di tíṣà sáyẹ́ǹsì n'Iléṣà, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ẹja náà ti ń kéré sí i, ó sì ti ń wọ́n. Mo wálé lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá mi na ọ̀kan sí mi. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Tíṣà, ìwọ tó kàwé ẹranko, kí ló dé tí ẹja mi ń tán lọ? Ṣé ẹ̀yin alákọ̀wé ò lè wá nǹkan ṣe sí i ni?"

Mo gba iṣẹ́ náà bí ẹni tó lágbára. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣiṣẹ́ ẹja fún ìjọba n'Ìbàdàn. Mo gbé ẹja gbígbẹ kan lọ bá a. Ó ní oríṣi méjì ló ní ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn báyìí, wọ́n jọra bí ìbejì, ọ̀kan pọ̀, èkejì ń lọ sí ìparun. Òun kò lè mọ èyí tí tiwa jẹ́ láìrí i ní tútù, tòun ti ìrù, kí òun sì mọ omi tó ń gbé. Bí òun bá mọ̀ ọ́n, òun lè bẹ àwọn ọ̀gá òun kí wọ́n dáàbò bo ibẹ̀.

Wàhálà dé. Ẹ̀gún olóró wà lára ìrù ẹja yìí, etí omi ni àwọn apẹja ti ń gé e sọnù. Ní ti omi tó ń gbé, ta ni yóò sọ? Alájàpá tó ń kó ẹja wá fún ìyá mi láti Ẹ̀pẹ́ kì í fi ibi tó ti ń rà á han ẹnikẹ́ni, kí ẹlòmíràn má baà gba ibẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀rín ló fi ń dá mi lóhùn. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ̀sọkúsọ, ìyá mi fojú bá mi wí.

Ìyá mi ló padà bá alájàpá sọ ọ́, obìnrin sí obìnrin. Lẹ́yìn Iléyá ọdún náà, alájàpá gbé àpò ìdọ̀họ kan dé, omi dídì inú rẹ̀ ti yọ́ tán. A tú u lẹ́nu ọ̀nà. Ẹja pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, ó tóbi bíi tàtijọ́, ìrù rẹ̀ gùn bí ẹgba. Inú mi dùn, mo fẹ́ jó. Ìyá mi tún tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, ó ń kó àwọn ọmọ ẹja jáde, kéékèèké, pẹlẹbẹ, kálukú pẹ̀lú ìrù tirẹ̀. Wọ́n ti kú.

"Inná lilláhi," ni ìyá mi wí. "Aboyún ni." Ọmọ ni irú ẹja yìí máa ń bí, kì í yé ẹyin.

"Mi ò mọ̀, Ìyá Tíṣà," ni alájàpá dáhùn. "Inú àwọ̀n ni mo ti bá a, lórí ẹrẹ̀ ibi tí òkun ti ń wọ inú ọ̀sà. Mo lè sọ ọ́ wàyí, kò sóhun tí mò ń fi pa mọ́ mọ́. Katapílà ti ń da iyanrìn síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́lé."

Mo gbé ẹja náà lọ s'Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ mi yẹ ìrù rẹ̀ wò, ó ka eyín rẹ̀, ó wọn ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ń lọ sí ìparun ni. Ó sọ orúkọ Látìn rẹ̀ fún mi. Mo bi í nípa iyanrìn. Ó ní ẹni tó fọwọ́ sí i ga ju ọ̀gá àwọn ọ̀gá òun lọ. Apá mi kò ká a, apá rẹ̀ náà kò ká a. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Mo pe orúkọ náà fún ìyá mi nídìí àtẹ. Ó gbìyànjú láti pè é, kò yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Orúkọ tí ẹ wá rí yìí," ó ní, "bí a bá pè é, ṣé yóò dá wa lóhùn?"

Ó yíjú sí àtẹ rẹ̀, ó fi pańla dí àyè ẹja pẹlẹbẹ.