Ahọ́n Tí Wọ́n Fi Ń Tọ́ Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Wò

Òórùn àgbàdo híhù ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ ní Mòwé lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, kí ènìyàn kankan tó kí mi. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni atẹ́gùn gbé e pàdé mi: òórùn àgbàdo tí wọ́n rẹ, tí wọ́n fi ewé bò, tó ti yọ gbòǹgbò funfun wẹ́wẹ́. Ó dùn díẹ̀ nímú, ó jọ ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ló sì ń múra àtikan. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra rẹ̀.

Dépò, ọkọ ọmọ mi, tó wá gbé mi láti Ìbàfò, rò pé orúnkún ló ń dùn mí. "Dádì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ di èmi mú."

Ìtọ́wò bíà ni wọ́n pè mí sí. Àwọn ọkùnrin kan tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti Dépò lọ, tí wọ́n ń gbé Màgbòrò, Arépo àti Mòwé, tí wọ́n ń jí lọ sí Èkó ní ìdájí láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ti rí ohun tí wọn yóò máa fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe. Wọ́n ń wá bíà àwọn ilé ìpọntí kéékèèké kiri, kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń mu, wọn a sì jókòó yí tábìlì ká, wọn a máa fi ọ̀kan wé èkejì. Ilé ìpọntí márùn-ún ló gbé tiwọn wá lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kó àgbàdo híhù sínú abọ́ fífẹ̀, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà bí ọ̀ṣọ́, kí a lè mọ̀ pé ohun ilẹ̀ wa ni òun fi ń pọn tòun. Òórùn abọ́ yẹn ló dá mi dúró.

Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo rẹ̀ pátá ni mo fojú tín-ín-rín. Ife wọn kò tóbi ju ìdérí ìgò oògùn ikọ́ lọ. Wọ́n ń yí i lọ́wọ́ yípoyípo, wọ́n ń ti imú bọ̀ ọ́ bí ewúrẹ́ tó rí ìkòkò onílé ní ṣíṣí. Onírùngbọ̀n kan di ojú, ó ní òun ń gbọ́ adùn ọsàn, òun ń gbọ́ igi tí iná rà, òun sì tún ń gbọ́ kọfí. "Kọfí tó ti tutù," ló fi kún un. Ẹni tó jókòó tì í ní irọ́ ni, búrẹ́dì tí iná mú jù ni. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n di ara wọn láṣọ mú.

"Dádì, ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ?" Dépò bi mí.

"Mo ń gbọ́ ọ. Bíà ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà. Èyí àkọ́kọ́ korò bí ewúro tí ọ̀lẹ fọ̀. Èkejì dùn bí oògùn tí wọ́n fi ń tan ọmọdé. Ẹ̀kẹta ni ti alágbàdo, ẹni tó ni abọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ó ṣe kan ahọ́n mi báyìí ni mo ti mọ àbùkù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n fún yín.

Ifọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Ìyá Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi ń pè é ní Màámi. Ilé alámọ̀ ni ilé wa, páànù rẹ̀ ti pọ́n bí obì, kò sì jìnnà sí ojú irin. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, àwọn ìkòkò inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ a gbọ̀n, wọn a máa dún mọ́ ara wọn bí àwọn obìnrin tó ń sọ ẹlòmíràn láìdáa. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni Màámi ń pọn nínú wọn, ọtí àgbàdo. Yóò rẹ àgbàdo títí yóò fi wú, yóò tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò tún fi ewé bò ó títí yóò fi hù. Lẹ́yìn náà yóò sá a, yóò lọ̀ ọ́, yóò sè é láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì fi í sílẹ̀ kó máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò kánjú rí. Ó ní àgbàdo mọ ọjọ́ tó fẹ́ hù ju onílé lọ.

Àwọn tó ń mu ún ni òṣìṣẹ́ ojú irin àti àgbẹ̀. Ilé méjì ni wọ́n ń yà, ilé wa àti ilé Ìyá Kọ́lá lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, wọn a sì máa fi ọ̀kan wé èkejì láti Sátidé kan dé òmíràn. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ọsàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ kọfí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ìdájọ́ wọn: "Ó dáa," "Ó ti kan," àti "Ẹ bu òmíràn." Mo sì fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn ju gbogbo ohun tí wọ́n sọ ní Mòwé lọ.

Ohun tó ṣòro láti gbàgbọ́ ni pé Màámi kì í fi ẹnu kan ọtí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti bá Ọlọ́run ṣe àdéhùn. Ìrun wákàtí márààrún kò sì yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ààfáà wa, tó ń kọ́ mi ní kéwú ní mọ́ṣáláṣí tó kọjú sí ilé wa, kò yéé kìlọ̀ fún un pé pípọn pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ ni. Èsì rẹ̀ kì í yí padà: "Ààfáà, èmi sè é ni. Ẹ lọ bá ẹni tó mu ún." Ààfáà a mi orí, a gba mọ́ínmọ́ín tí Màámi bá dì fún un, a máa lọ.

Báwo ló ṣe wá ń mọ èyí tó dára? Ó ń fi imú mọ̀ ọ́n. Ó ń fi etí mọ̀ ọ́n, nítorí yóò bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ìkòkò, yóò tẹ́tí sí híhó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n mi ló fi ń parí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò di ìka ọmọńdinrín mi mú, yóò tì í bọ ìkòkò díẹ̀, èmi yóò sì lá a. "Ó ya, sọ fún mi."

"Màámi, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá lá irin."

"Omi yẹn ni. N ó yí omi padà. Èyí ńkọ́?"

"Ó dà bí ìrèké tí wọ́n ti jẹ, tí wọ́n tu sílẹ̀."

Yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìka dí mi lẹ́nu: àṣírí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni. Inú mi máa ń dùn lọ́jọ́ Ẹtì ju ọjọ́ ọdún lọ.

Àṣà ni pé ẹni tó bá gbé ọtí fún ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú wọn. Àbúrò ọkọ Màámi ló ń bá a ṣe é, wọn kò sì bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún kan, ọkùnrin náà kú. Kò pẹ́ sí i ni inú rírun mú àgbẹ̀ kan tó ti yà nílé méjèèjì. Ó yè é, ṣùgbọ́n ẹnu kò dákẹ́. Ìyá Kọ́lá ń mu tirẹ̀ ní gbangba. Ti Ìyá Àgbà ńkọ́?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń mu ọtí wa dé, wọn kò jókòó. Bàbá Sìgínà, tó ń mójú tó àmì ojú irin, ló ṣe agbẹnusọ.

"Ìyá Àgbà, a ò bá ìjà wá. Ẹ ṣáà tọ́ ọ wò kí a rí i."

"Ẹ mọ̀ pé n kì í mu ún."

"A mọ̀. Òun gan-an ló ń bà wá lẹ́rù."

"Alásè tó ń sá fún ọbẹ̀ ara ẹ̀!" ni ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Màámi kò rẹ́rìn-ín. Orúkọ tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ló fẹ́ wó lójú rẹ̀ yẹn. Ó nawọ́ sí mi. "Ọmọ yìí tọ́ ọ wò lánàá, níṣojú mi. Ẹ wò ó, ṣé ó kú ni?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ariwo wọn ti fa Ààfáà jáde ní mọ́ṣáláṣí, ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa. Oṣù tó ń bọ̀ ni wòlímọ̀ mi, àjọyọ̀ kéwú tí mo kà parí. Wọ́n ti rán aṣọ mi, wọ́n ti ra láwàní tí wọn yóò wé fún mi. Ààfáà kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni?"

"Rárá o, Ààfáà. Mi ò tọ́ ọ wò rí."

Màámi wò mí bí ẹni rí aṣọ tirẹ̀ lọ́rùn àjèjì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí wọn. "Ọmọdé ni. Èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ." Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ahá kan kún dẹ́nu. Kò ṣe Bìsímílà, nítorí ó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Ó mu ún tán láìmí, ó sì da ojú ahá dé kí gbogbo wọn rí i.

Wọ́n hó yèè. "Ìyá wa ni! Ẹ bu òmíràn!" Wọ́n mu ìkòkò náà gbẹ dé gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ààfáà yí padà, ó wọlé. Nígbà tí wọ́n tún dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ògì ni wọ́n bá nínú ìkòkò. "Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti parí nílé yìí," ni Màámi wí, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tó pé. Lọ́jọ́ wòlímọ̀ mi, wọ́n wé láwàní fún mi, gbogbo ènìyàn ní ó yẹ mí. Màámi jókòó síta, lẹ́yìn àwọn obìnrin, títí wọ́n fi ṣe tán. Kò nà mí, kò bú mi, kò sọ ọ́ fún ìyá mi. Èmi náà kò tọrọ àforíjì.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tí mo ti ń ka ìwé bí ìwúkàrà ṣe ń sọ ṣúgà di ọtí, mo gbé ìgò ohun mímu aládùn kan tí wọ́n fi ọkà híhù ṣe wálé fún un, irú èyí tí kò ní ọtí nínú. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Ó ti darúgbó, ó ní ahọ́n òun kì í gbọ́ adùn dáadáa mọ́. Ó gbé ife náà lọ́wọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ké sí ọmọ aládùúgbò, "Sídí, wá bá mi tọ́ ọ wò." Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Ilẹ̀ ilé wa ti di ibi tí wọ́n ti ń lu búlọ́ọ̀kù báyìí. Àwọn ọmọ Ifọ̀ kò mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ́, bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, wọn a ní orúkọ ènìyàn ni. Àgbàdo nìkan ni kò yí padà: iye ọjọ́ tó ń lò nígbà ayé Màámi náà ló ṣì ń lò, ẹni tó bá sì kánjú, yóò hàn nínú ife rẹ̀.

Ní Mòwé lọ́jọ́ Sátidé náà, alágbàdo bi mí, ó fi ọ̀wọ̀ tẹrí ba. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́. Kí lẹ rí sí tèmi?"

"Àgbàdo rẹ kò hù tó," mo wí. "O fi ọjọ́ kan yára sá a."

Ẹnu yà á. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, òjò ló fẹ́ rọ̀. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n, sà?"

"Ìyá mi àgbà ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ifọ̀," mo dáhùn, mo sì gbé ohùn sókè kí gbogbo tábìlì lè gbọ́. "Èmi ni mo ń bá a tọ́ ọ wò."

"Ó dáa o, Dádì," ni onírùngbọ̀n wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ife rẹ̀. Wọ́n ti ń rọ ti ilé ìpọntí kẹrin.