Ọmọ Tí Kò Gbọ̀n

Títí di òní, bí òórùn ọṣẹ dúdú àti epo pupa bá pàdé nínú omi gbígbóná, ẹ̀yìnkùlé wa ní Iléṣà ni mo máa ń bá ara mi, ní àárọ̀ ọyẹ́ kan báyìí. Àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọjọ́ méjì. Oṣù rẹ̀ kò pé kí n tó bí i; ó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ ọkọ mi méjèèjì gbà á. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kí n má tíì wẹ̀ ẹ́, kí n ṣáà máa gbé e mọ́ àyà.

Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ti ti ìlú Ìwàrà dé pẹ̀lú kànìnkànìn tuntun. Ìwọ náà mọ ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ: ọmọ tí a kò bá fi epo àti ọṣẹ bó nǹkan funfun ara rẹ̀ kúrò dáadáa, ara rẹ̀ yóò máa rùn títí ọjọ́ ogbó.

"Mà, nọ́ọ̀sì ní ká ṣì dúró," ni mo wí.

"Ṣé nọ́ọ̀sì ni yóò bá a wá ìyàwó tí ara rẹ̀ bá ń rùn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti panu mọ́.

Wọ́n fara balẹ̀ wẹ̀ ẹ́, tìfẹ́tìfẹ́. Omi náà ti tutù kí wọ́n tó parí, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń fẹ́ sí i lára. Ó kọ́kọ́ ké. Nígbà tó yá, ó dákẹ́.

"Ọmọ jẹ́jẹ́ nìyí! Bàbá ẹ̀ ò ṣe báyìí o, ariwo tiẹ̀ pọ̀."

Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tutù bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fírísà. Mo rántí ẹ̀kọ́ Bàọ́lọ́jì, tí mo máa ń gba máàkì gidi nínú rẹ̀: ara ènìyàn ń ṣọ́ ooru inú rẹ̀ kó má baà kúrò lójú kan, bí ooru bá mú un, á làágùn, bí òtútù bá mú un, á gbọ̀n. Mo tẹjú mọ́ ọmọ mi. Kò gbọ̀n. Mo ní òtútù kò mú un nìyẹn, mo kàn fi aṣọ kan lé aṣọ rẹ̀. Mo gbé ọmú sí i lẹ́nu, kò fà á. A ní oorun ló ń kùn ún.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó gbé e sáyà lórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wo ooru ara rẹ̀, ó tú bọ́tìnnì aṣọ mi, ó tẹ́ ọmọ náà mọ́ mi láyà.

"Ara tìẹ ni kó máa lò. Ọmọ tuntun kì í gbọ̀n. Gbogbo agbára tó ní ló ti fi ń wá ooru."

Ìdákẹ́ tí a ń yìn láti àárọ̀, ọmọ tó ń tán lọ ni. Ó kú sórí àyà mi kí oòrùn tó wọ̀.

N kò bá ìyá ọkọ mi jà. Wọn kò mọ̀. Èmi mọ ààbọ̀, ààbọ̀ yẹn ni mo sì fi pa ẹnu ara mi mọ́. Nígbà tí mo bí èkejì, ọwọ́ lásán ni wọ́n gbé wá, kò sí kànìnkànìn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi gbóná, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà. "Gbé e mọ́ àyà," ni wọ́n sọ. Ọmọ náà bú sẹ́kún. A jókòó tì í, kò sí ẹnìkan nínú àwa méjèèjì tó ní kó dákẹ́.