Ta Ló Ya Síkẹ́ẹ̀tì Yẹ́lò?

Ẹnu abẹ́rẹ́ ni Nereida ti ń jẹun ní Juchitán, ìlú kan ní Mẹ́síkò, òdòdó ló ń fi òwú rán sára aṣọ fún àwọn obìnrin. Muxe ni: wọ́n bí i lọ́kùnrin, ó ń múra bí obìnrin, ọkùnrin ló sì ń wù ú. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ládùúgbò. Àṣà ibẹ̀ kàn ni pé àwọn ẹ̀gbọ́n a gbéyàwó, wọn a kó lọ, muxe ni yóò dúró ti ìyá títí dọjọ́ alẹ́.

Àṣà yìí ni Heliodoro, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bí i tẹ̀lé, fi ń gún un lára. Bó bá ti mu bíà díẹ̀, á ní Màmá ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀: kò bí obìnrin, ló bá wọ síkẹ́ẹ̀tì fún àbíkẹ́yìn kó lè rẹ́ni bá a gbélé. Bí ọ̀ràn bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Nereida á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Abẹ́rẹ́ á máa gún un níka. Ṣé bí wọ́n ṣe bí òun nìyí, àbí wọ́n mọ òun bí ẹni ń mọ ìkòkò?

Ìgbà tí Dókítà Itzel ti olú ìlú dé, tó ń gba itọ́ àwọn muxe àti ti ìyá wọn lọ yẹ̀ wò, Nereida ló kọ́kọ́ tutọ́ sínú ìgò. Kò jẹ́ kí obìnrin náà mí. Ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá? Dókítà ní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní ìdílé ìyá ló ti ń wá. Àwọn mìíràn ní bí ìyá bá ti bí ọkùnrin púpọ̀ ṣáájú, ara rẹ̀ a máa yí padà sí oyún ọkùnrin tó bá tún kàn. Àjogúnbá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ ni, ó sì pọ̀; kò sí ọ̀kan tó lè dá a ṣe, kò sì sẹ́ni tó lè wo itọ́ ènìyàn kó sọ irú ẹni tí yóò fẹ́. Inú bí Nereida. Kí wá ni wọ́n ń gbé ìgò kiri fún?

Ó ku itọ́ ìyá. Na Eulogia, ìyá Nereida (Na ni wọ́n fi ń pe ìyá àgbà níbẹ̀), jókòó sínú àwọ̀n ìsùn rẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ bíi jangirọ́fà, ó ní ẹnu òun gbẹ. Wọ́n bu omi fún un, ó mu ún, ẹnu ṣì gbẹ. Ẹnu tó ti ń bá àwọn ẹlẹ́ja jà láti òwúrọ̀.

Nígbà tí dókítà yà sílé kejì, Nereida kúnlẹ̀ tì í. "Màmá, kí lẹ̀ ń bẹ̀rù?"

"Kí wọ́n má baà rí i níbẹ̀ pé èmi ni mo sọ ẹ́ dà bẹ́ẹ̀." Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi ni mo fún ẹ ní síkẹ́ẹ̀tì yẹ́lò yẹn lọ́jọ́ ọdún ẹni mímọ́ San Vicente. Mi ò fẹ́ dá gbé. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí."

Àánú ìyá ṣe Nereida.

"Ṣé síkẹ́ẹ̀tì tí etí ẹ̀ ya yẹn?"

"Òun náà ni. Heliodoro ló ya á. Mo sì nà án dáadáa."

"Èmi ni mo ya á, Màmá. Kẹ́ ẹ tó fún mi ni mo ti ń jí i wọ̀, bẹ́ ẹ bá ti lọ sọ́jà. Ilẹ̀kùn ló gbá a mú."

Na Eulogia wò ó títí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín dé, àwọ̀n ìsùn sì ń mì tìtì. Ó na ọwọ́, ó gba ìgò, ó tutọ́ sí i.

Nírọ̀lẹ́, Heliodoro dé pẹ̀lú bíà lọ́wọ́, ó ti la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ orin àtijọ́. Ìyá rẹ̀ fa àga fún un.

"Jókòó, ọmọ mi," ó ní. "Ẹ̀bẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́, nítorí ẹgba síkẹ́ẹ̀tì yẹ́lò yẹn."